Sí Ìbídùn, Nípa Tíkẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Fi Há Gíláàsì Mọ́tò Rẹ

Skyview Ranch,
Calgary.
Òwúrọ̀ Sátidé.

Ìbídùn ọmọ mi, Àjọkẹ́,

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Lórí fóònù, ìwọ a máa kánjú, èmi a máa bínú, a ó sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbi tí a ti bá a. Nínú ìwé, o kò lè já lu ọ̀rọ̀ mi, èmi náà kò sì lè fi ẹ̀rín bo ohun tí ó yẹ kí n sọ. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá nítorí pé ìyá rẹ ló kọ́ ọ bí a ṣe ń kà á, lórí tábìlì ìdáná wa níbí, ní àwọn òwúrọ̀ Sátidé bíi tòní, nígbà tí ìwọ ń wo ojú fèrèsé tí o sì ń sunkún pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ṣeré nínú snow. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ABD náà sílẹ̀ fún ọ. N óò dé orí ọwọ́ òsì yẹn láìpẹ́.

Bí ibì kan bá ṣòro fún ọ nínú lẹ́tà yìí, gbé e fún Kúnlé ọkọ rẹ kí ó là á yé ọ. N kò ní í purọ́: mo fẹ́ kí ó kà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o sọ fún mi ní Ọjọ́bọ̀ sọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. Ilé tí ìwọ àti Kúnlé háyà ní Auburn Bay, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tuntun tí o rí, ní ààyè ọkọ̀ tirẹ̀ lábẹ́ ilé. Nọ́ńbà ààyè náà wà nínú lease, ìyẹn ìwé àdéhùn ilé tí ẹ fọwọ́ sí. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń bójú tó ilé náà gbé iṣẹ́ ìṣọ́ ọkọ̀ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tuntun kan. Nọ́ńbà ara mọ́tò ni àwọn yẹn fi ń mọ ẹni tó ni ààyè, nọ́ńbà tó sì wà lọ́wọ́ wọn fún ààyè tiyín ni ti ayálégbé tó kó jáde kí ẹ tó kó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi tíkẹ́ẹ̀tì há gíláàsì yín lẹ́ẹ̀mẹta, nínú ààyè tí ó jẹ́ tiyín. Tíkẹ́ẹ̀tì kẹta sọ pé bí wọ́n bá tún bá mọ́tò náà níbẹ̀, wọn yóò wọ́ ọ lọ. Orúkọ Kúnlé ló wà lórí ìwé mọ́tò, nítorí náà Kúnlé ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí. Ṣùgbọ́n Kúnlé wà níbi iṣẹ́ ní àríwá, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ìwọ lò ń ṣí àwọn lẹ́tà náà, o sì ń kó wọn sí abẹ́ àwọn aṣọ ọmọ tí ẹ ti rà sílẹ̀.

Mo bi ọ́ pé níbo lo wá ń gbé mọ́tò sí báyìí.

“Street ni, Daddy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lake. It's fine. It's just twelve minutes.”

“Ìṣẹ́jú méjìlá lórí yìnyín? Pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà?”

“I have good boots, sir. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Kúnlé. Ó ní kí n dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n fi email ránṣẹ́ nípa nọ́ńbà mọ́tò, mo sì gbàgbé. He'll just say, ‘Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?’ Àbí ẹ fẹ́ kó máa pe èmi náà ní Ìyá Atẹlà bíi ti Mummy ni?”

O rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó sórí àga ìyá rẹ títí oúnjẹ tí mo gbé kaná fi jóná.

Ìbídùn, kí n tó gbà ọ́ nímọ̀ràn, ó yẹ kí o mọ irú ẹni tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn.

O mọ̀ pé ìyá rẹ ló kọ́kọ́ wá sí ìlú yìí, láti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, tí èmi àti ìwọ sì tẹ̀lé e. O mọ̀ pé Bàbá Ṣọlá, ará ìlú wa, ló wá pàdé wa ní pápá ọkọ̀ òfurufú, àti pé basement rẹ̀ la gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ó fún mi ní kóòtù ara rẹ̀. Nígbà tí a rí ilé tí a háyà ní Skyview, òun ló bá wa gbé bẹ́ẹ̀dì gun òkè, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

Lease ilé yẹn fún wa ní ààyè ọkọ̀ kẹrìnlá, èyí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà wa gan-an. Ààyè àwọn àlejò wà lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn àwọn agolo ìdọ̀tí, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó níbẹ̀ pé ẹni tó ń gbé inú ilé náà kò gbọdọ̀ lò ó. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ṣọlá máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Ta ni mo jẹ́ tí n óò sọ fún ẹni tó gbà mí sílé pé kí ó fi orúnkún yẹn rin inú snow wá láti ibi agolo ìdọ̀tí? Mo fún un ní ààyè wa. Mo sì ní kí ìyá rẹ máa gbé tiwa sí ibi àlejò. Òun ló ń wa mọ́tò nígbà náà, nítorí pé mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò awakọ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lórí ìwé mọ́tò.

Kò fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Bàbá Ìbídùn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ o. Wọ́n ní àlejò nìkan.”

“Ta ló máa mọ̀ pé a kì í ṣe àlejò? Ṣebí gbogbo wa ni àlejò ní Canada.”

“Ẹ sọ fún Bàbá Ṣọlá kí wọ́n gbé tiwọn síbẹ̀ nígbà náà. Àwọn gan-an ni àlejò.”

“Títílayọ̀! Ṣé o fẹ́ kí n di aláìmoore ni?”

Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sì lọ gbé mọ́tò wa sí ibi àlejò. Nígbà tí mo bá ti pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń gbà fún mi.

Èmi ni mo máa ń gbá snow kúrò lórí mọ́tò láàárọ̀ kí ó tó jáde, nítorí náà èmi ni mo rí tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Mo rọra fi í sínú àpò kóòtù. Nígbà tí lẹ́tà tẹ̀lé e pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ lẹ́yìn àpòòwé, èmi náà ni mo rí i, torí kọ́kọ́rọ́ àpótí lẹ́tà wà lọ́wọ́ mi. Òun náà wọ inú kóòtù. Ìkejì dé, ó wọ ibẹ̀. Ìkẹta dé, ó sọ pé wọ́n ó wọ́ mọ́tò lọ bí wọ́n bá tún rí i. Òun náà wọ ibẹ̀. Mo rò pé ìjọba ló kọ wọ́n. Mo rò pé tí a bá ṣàròyé, wọ́n á kọ orúkọ ìyá rẹ sínú ìwé kan níbì kan, PR, ìwé ìgbélùú tí a ń retí, kò sì ní í jáde. Mo tilẹ̀ fi ọgbọ́n bi Bàbá Ṣọlá léèrè, bíi pé ti ẹlòmíràn ni.

“Àbúrò,” ó ní, “sọ fún ẹni yẹn kó má bá wọn fa nǹkankan o. Ṣé PR ẹ̀ ti jáde ni? Kó dákẹ́ jẹ́ẹ́.”

Kò mọ̀ pé orí mọ́tò tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí mo bá sọ fún un, kò ní í tún gbé mọ́tò síbẹ̀ mọ́ láé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ. Mo fẹ́ràn kí ó máa rí mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ oore. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì ní Ìwó fún ogún ọdún, tí mo ń fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ẹlòmíràn, n kò lè jókòó kọ ìwé ojú kan ṣoṣo láti sọ pé: àlejò mi ló wà nínú ààyè mi, ẹ dákun, kí ni kí n ṣe?

Ọjọ́ Ìsinmi kan, snow rọ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, Bàbá Ṣọlá kò sì lè lọ sílé. Ó sùn sí yàrá rẹ, ìwọ sì sùn sọ́dọ̀ wa. Mọ́tò rẹ̀ wà nínú ààyè kẹrìnlá. Tiwa wà ní ibi àlejò.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ìyá rẹ jáde lọ síbi iṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi padà wọlé, snow wà lórí fìlà rẹ̀.

“Bàbá Ìbídùn, mọ́tò ò sí níbẹ̀. Ṣé wọ́n jí i ni?”

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo tẹ̀lé e jáde pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Ibi tí mọ́tò wà lánàá ti ṣófo, ojú ipa táyà ọkọ̀ ńlá kan sì wà níwájú rẹ̀. Ó dojú kọ mí, ó ń retí pé kí n sọ̀rọ̀. Mo lè sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà tó rọrùn jù lọ.

Mo ní, “Wọ́n ti tow ẹ̀ ni. O tẹ ìlà lánàá.”

“Mo tẹ ìlà?”

“Táyà ẹ̀yìn. Mo rí i, mo kàn rò pé wọn ò ní í bìkítà ni.”

Ìbídùn, snow ti bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Kò sí ìlà kankan tí ojú lè rí. Ó wo ilẹ̀ náà, ó wò mí, ó sì gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀ nínú snow, bí ó ti máa ń ṣe.

Ó ní, “Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ rárá.”

Ó bẹ̀ mí.

Bàbá Ṣọlá ń sùn lókè. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ wà lórí tábìlì ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíbélì rẹ̀. Mo lè jí i lójú oorun. Yóò gbé ìyá rẹ dé ẹnu iṣẹ́, yóò sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n yóò béèrè pé níbo ni mọ́tò wa wà tí wọ́n fi rí i gbé, àti pé kí ló dé tí kò sí nínú ààyè wa. N kò jí i. Mo wo ìyá rẹ bó ṣe gba ẹ̀yìn àwọn agolo ìdọ̀tí lọ síbi bọ́ọ̀sì. Chinook, afẹ́fẹ́ gbígbóná ìlú yìí, ti yọ́ snow ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, omi náà ti dì padà, snow tuntun sì bo yìnyín náà mọ́lẹ̀. Kò tíì dé ojú títì tó fi ṣubú. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé ara lé ilẹ̀.

Ìyókù lo mọ̀. O mọ̀ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì. O mọ̀ pé àwọn ìka yẹn kò lè pa sísọ́ọ̀sì dé mọ́, àti pé ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyàwó tó fẹ́ fún un ní tábìlì tirẹ̀ wá ẹlòmíràn. O mọ̀ pé ilé ìwé ló ń gbálẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ ti ibì kan wá, àti pé ibẹ̀ ni inú àpò kóòtù mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn náà fún àwọn èèyàn. “Mo tẹ ìlà ni o, wọ́n sì gbé mọ́tò wa lọ.” Bàbá Ṣọlá gbọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ ní Ìyá Atẹlà. Ìwọ gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá Ṣọlá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́, nígbà kúgbà tí ìyá rẹ bá ń gbé mọ́tò sílẹ̀, wàá ki orí bọ fèrèsé jáde: “Mummy, check line o!” Òun á rẹ́rìn-ín, á tún mọ́tò náà gbé sí àárín gbùngbùn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Títí ó fi kú kò gbé mọ́tò sílẹ̀ rí kó má sọ̀ kalẹ̀ lọ wo táyà ẹ̀yìn. O rò pé ìwà rẹ̀ ni. Èmi ni mo fi í sí i lára.

Nígbà tí a ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbà tí kò padà wálé mọ́, èmi ni mo wa ọkọ̀. Mo ràn án lọ́wọ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Ẹ bá mi wò ó, ṣé ẹ ò tẹ ìlà?” Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ní láti fi sọ fún un, àti ọ̀sẹ̀ méjì sí i lórí ibùsùn yẹn. Ohun tí mo ń sọ fún un nígbà náà ni ìgbà tí dókítà máa wá.

Ní báyìí, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkíní, máa wo ẹni tó kọ ìwé kí o tó bẹ̀rù ìwé. Tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ kò wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ilé-iṣẹ́ kan ló ní o rú òfin ibi tí wọ́n ń ṣọ́. Ẹ̀sùn ni, kò tíì di ìdájọ́. Ẹ̀sùn ṣeé dáhùn. Ṣùgbọ́n má tìtorí ìyẹn sọ ọ́ nù, má sì fi í pamọ́, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n fún ọ láti ṣàròyé wà lára rẹ̀, ọjọ́ náà kò sì mọ̀ pé abẹ́ aṣọ ọmọ ni o kó ìwé sí. Kó wọn jáde lónìí. Wo ọjọ́ tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkejì, mú lease yín, kí o wá ojú ìwé tí nọ́ńbà ààyè ọkọ̀ yín wà. Ojú ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹ ti ń gbé nínú ilé náà, ẹ sì ti ní ààyè yẹn, kí ilé-iṣẹ́ ìṣọ́ ọkọ̀ náà tó débẹ̀ rárá. Ya fọ́tò rẹ̀. Ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára ògiri ààyè yín, ti nọ́ńbà mọ́tò yín, ti pátákó tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà, àti ti tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́yìn náà kí o kọ̀wé. Má pè wọ́n lórí fóònù. Ẹni tó bá gbé fóònù á sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún ọ, ọ̀la á dé, ẹlòmíràn á ní kò sí ẹni tó pè. Jẹ́ kí ìwé náà kúrú: ayálégbé ni wá, ààyè yìí wà nínú lease wa, nọ́ńbà mọ́tò tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe tiwa, ẹ fagi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tún nọ́ńbà náà ṣe, ẹ sì fún wa lésì nínú ìwé. Má bú wọn. Má sì sọ fún wọn pé o lóyún kí wọ́n lè ṣàánú rẹ. Ẹ̀tọ́ rẹ lò ń béèrè. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa email, sọ pé o rí i, o sì gbàgbé. Gbígbàgbé email kò sọ ààyè rẹ di ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí o bá parọ́ kékeré kan níbẹ̀, irọ́ náà ni wọ́n á máa bá ọ jà lé lórí. Mo mọ ohun tí mo ń sọ nípa irọ́ kékeré.

Fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí landlord yín àti sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé, ní ọjọ́ kan náà. Landlord ló fún yín ní ààyè yẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ náà ni kí ó sọ fún wọn pé ó fún yín. Tọ́jú ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, kí fáìlì náà wà níbi tí Kúnlé ti lè rí i.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ̀. N kò ní í tàn ọ́ jẹ pé ẹni tó bá jàre ló ń borí nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá kọ̀, tún kọ̀wé, kí o ní kí ẹni tó ga ju ẹni àkọ́kọ́ lọ wò ó. Bí wọ́n bá tún kọ̀, àwọn kan wà ní ìlú yìí tí wọ́n máa ń la ọ̀rọ̀ òfin yé àwọn ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi náà yóò bá ọ lọ, n óò jókòó síwájú ẹnu ọ̀nà wọn títí wọ́n á fi dá wa lóhùn. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí o sanwó nítorí ìbẹ̀rù, tàbí kí o dákẹ́ nítorí ìtìjú. Mo ṣe méjèèjì. Mo lọ san gbogbo rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kí n tó lè gba mọ́tò wa padà, n kò sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan.

Mo tún fẹ́ sọ èyí. Bí èmi bá wá kí yín, tí mo rí ààyè yín lófo tí mo sì fẹ́ wọ ibẹ̀, sọ fún mi pé: “Daddy, ẹ gbé e sí ibi àlejò.” N kò ní í bínú. Kí ẹnikẹ́ni tó dàgbà jù ọ́ lọ má gba ohun tí a kọ orúkọ rẹ sí lọ́wọ́ rẹ nítorí pé ojú ń tì ọ́ láti sọ̀rọ̀. Bàbá Ṣọlá ìbá ti rìn. Ó lè rìn. N kò fún un láyè láti yàn.

Àjọkẹ́, mo wá dé ibi tí mo ń lọ.

Sọ fún Kúnlé. Má dúró di Wẹsidé tó máa wálé. Pè é ní ìrọ̀lẹ́ òní, nígbà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára àwọn ìwé yẹn, kò sì mọ nǹkan kan nípa wọn, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìyá rẹ ṣe wà lára tèmi. Yóò sọ pé, “Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?” Jẹ́ kí ó sọ ọ́. Jẹ́ kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìtìjú náà. Tèmi ti di ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹni tí ǹ bá sọ ọ́ fún kò sì sí láyé mọ́.

Títí ọ̀rọ̀ náà fi máa yanjú, o kò gbọdọ̀ rin ọ̀nà lake yẹn mọ́. Láti Ọjọ́ Ajé, n óò wà níwájú ilé yín kí ilẹ̀ tó mọ́, n óò gbé ọ dé ẹnu iṣẹ́, n óò sì gbé ọ padà. Mo mọ̀ pé ó jìn láti Skyview. Mo mọ bí ọ̀nà Deerfoot ṣe máa ń rí láàárọ̀. Má bá mi jiyàn. Ó yẹ kí n ti jí ẹnì kan rí kí ó wá gbé ẹnì kan lọ síbi iṣẹ́, n kò sì ṣe é.

Lánàá, mo lọ bá Bàbá Ṣọlá. Ó ti darúgbó gan-an, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí.

“Kọ́kọ́rọ́ mi wà lórí tábìlì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.”

“O ò sì jí mi.”

“Mi ò jí yín, sà.”

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Atẹlà. Mo pè é bẹ́ẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí ní ilé ìwòsàn. Mo ní kó dìde, Ìyá Atẹlà, kó wá wa mọ́tò.” Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa lọ sílé, kò sì bá mi dé ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ìwọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. N kò kọ̀wé yìí pé kí o dárí jì mí; ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ kọ́ ni ọ́. Bí o bá wọ mọ́tò lọ́jọ́ Ajé tí o kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, jókòó sẹ́yìn kí o na ẹsẹ̀ rẹ. N óò wakọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ṣáà wọ inú rẹ̀.

Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì kẹta sínú àpòòwé yìí. Inú kóòtù yẹn ló wà láti ìgbà náà. Kà á. Wàá rí orúkọ ìyá rẹ lókè, wàá sì rí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: wọ́n ní ará ilé lo ààyè àlejò. Kò sí ọ̀rọ̀ ìlà níbẹ̀ rárá. Fi í sínú fáìlì tìrẹ. Nígbà tí ọmọ rẹ bá dàgbà tó sì béèrè irú ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà jẹ́, má ṣe sọ ìtàn tí o gbọ́ lẹ́nu wa fún un. Sọ fún un pé aránṣọ ni, ó mọ mọ́tò wà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó, ó sì sọ ọ́ síta, ọkọ rẹ̀ ni kò gbọ́.

Ìyá rẹ kò tẹ ìlà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.